Ilẹ̀ Kò Gbàgbé

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Ọlọ́hun Ọba, Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀ tí ó tún dá ẹ̀mí wa sí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀, Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipa wọn títí di Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.



Púpọ̀ nínú wa ni ó ti há Sùúrátù Zilzaal sórí láti kékeré nílé kéwú. Súrà kúkurú ni, a sì máa ń kà á lórí ìrun, pàápàá nígbà tí a bá ń kánjú. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ a ti jókòó ronú lórí ohun tí ó wà nínú rẹ̀? Ọlọ́hun fi yé wa níbẹ̀ pé ní ọjọ́ ńlá ọjọ́ náà, ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí yóò la ẹnu, yóò sì ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Nínú hádíìsì tí Ìmáàmù Tirmidhi gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣàlàyé fún àwọn sàábé rẹ̀ pé ilẹ̀ yóò jẹ́rìí lórí gbogbo ẹrú Ọlọ́hun, lọ́kùnrin lóbìnrin, nípa ohun tí kálukú ṣe lórí rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó ṣe é.

Àwọn ọ̀dọ́ kan a máa bi wá léèrè pé: báwo ni ilẹ̀ ṣe lè rántí? Ilẹ̀ kò ní ọpọlọ, kò ní ojú, kò sì mú kálàmù lọ́wọ́. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé Ọba tí ó mú kí ẹran ahọ́n sọ̀rọ̀ lè mú kí iyẹ̀pẹ̀ sọ̀rọ̀. Èyí tó fún ẹni tí ó ní ìmáànì. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun kan náà ni ó pàṣẹ, nínú Sùúrátù Ankabuut, áyà 20, pé kí a máa rìn lórí ilẹ̀, kí a sì wo bí Òun ṣe bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ̀dá. Bí a bá rìn, tí a sì la ojú wa sílẹ̀, a óò rí i pé ilẹ̀ ti ń ṣe àkọsílẹ̀ kí a tó dé rárá. Òkúta kékeré kan ni a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ lóṣù yìí.

Òkúta tí ó rántí ọdún mẹ́rin

Belemnite ni àwọn onímọ̀ ń pe òkúta náà. Ó rí gbọọrọ, ẹnu rẹ̀ kan sì ṣe ṣóńṣó bí ọta ìbọn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ. Kì í ṣe òkúta láti ìbẹ̀rẹ̀. Ara ẹran omi kan ni, ẹran rírọ̀ tí ó ní ọwọ́ púpọ̀ lórí, tí ó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri nínú òkun. Ohun líle yìí wà nínú ara rẹ̀, ní apá ìdí, gẹ́gẹ́ bí egungun ti wà nínú ara tiwa. Nígbà tí ẹran náà kú, ara rírọ̀ jẹrà, ohun líle rì sínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ òkun, ẹrẹ̀ ń gun ẹrẹ̀ lórí, títí gbogbo rẹ̀ fi di òkúta. Irú àwọn ẹran yìí ti pa rẹ́ kúrò láyé ní nǹkan bí 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n títí di òní, ní etí òkun Lyme Regis àti Charmouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí omi ti ń wó òkè lulẹ̀, àwọn ọmọdé a máa ṣà wọ́n nínú iyanrìn bí àwọn ọmọ tiwa ṣe ń ṣa àgbálùmọ̀ lábẹ́ igi.

Ní Lyme Regis yìí ni obìnrin kan wà tí ó ń jẹ́ Mary Anning, ọmọ káfíńtà, tálákà tí kò fi bẹ́ẹ̀ rí ilé ìwé lọ. Òkúta ni ó ń ṣà tà láti fi jẹun. Ní 1826, ó rí i pé nínú òkúta ẹran omi irú ìdílé yìí, àpò tàdáwà tí ẹran náà máa ń tú sómi láti fi sá fún ọ̀tá ṣì wà níbẹ̀, tàdáwà gbígbẹ sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Elizabeth Philpot, fi omi pò ó, ó sì fi ya àwòrán. Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́hun! Àwa tí a fi kálàmù kọ wàláà nílé kéwú mọ bí tàdáwà ti máa ń dà bí a bá gbàgbé rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tí ilẹ̀ tọ́jú láti ayébáyé, a bu omi sí i, ó sì tún ṣiṣẹ́. Ta ni ó wá ń sọ pé ilẹ̀ kò ní tàdáwà?

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ní 1951, Harold Urey, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó ti gba ẹ̀bùn Nobel ní 1934, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú belemnite kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju 145 mílíọ̀nù ọdún lọ, wọ́n sì ń ha á ní ìpele ìpele láti ìta wọ inú. Bí igi ti máa ń fi òrùka lé òrùka nínú ara rẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, bẹ́ẹ̀ ni òkúta yìí ṣe dàgbà nínú ara ẹran náà. Nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n wọn oríṣi ọ́síjìn méjì, èyí tí ó wúwo àti èyí tí ó fúyẹ́, nítorí pé bí méjèèjì ṣe ń dàpọ̀ nígbà tí omi gbóná yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń dàpọ̀ nígbà tí omi tutù. Kí ni wọ́n kà jáde níbẹ̀? Wọ́n kà á pé ẹran náà lo nǹkan bí ọdún mẹ́rin láyé. Lẹ́yìn ìgbà èwe rẹ̀, ó rí ìgbà ooru mẹ́ta àti ìgbà òtútù mẹ́rin. Omi tí ó gbé nínú rẹ̀ ní èwe gbóná ju èyí tí ó gbé nínú rẹ̀ nígbà tí ó dàgbà lọ. Ìgbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni ó sì kú.

Ẹ̀yin ará wa, ẹran omi lásán ni, kì í kírun, kì í gbààwẹ̀, kò sí ìdájọ́ bíi tiwa fún un. Síbẹ̀, ilẹ̀ kò jẹ́ kí ìgbà ooru rẹ̀ kan ṣòfò. Ìwọ ọmọ Ádámà ńkọ́, ìwọ tí màlàíkà wà ní apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ?

Nínú Sùúrátù Yaasiin, áyà 12, Ọlọ́hun fi yé wa pé Òun ń kọ ohun tí àwọn ènìyàn tì síwájú, Òun sì ń kọ áthaar wọn pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Lárúbáwá, ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú. Athar ni ẹyọ kan, áthaar ni ọ̀pọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni, àpá ni, ohun tí ó kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí olóhun ti kọjá lọ ni. Nígbà tí àwọn Banu Salima ní Mẹ̀dínà fẹ́ kó kúrò ní ibi tí wọ́n ń gbé kí wọ́n lè súnmọ́ mọ́sálásí, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí wọ́n dúró sí ilé wọn, nítorí pé gbogbo ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń gbé wá sí mọ́sálásí ni a ń kọ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ kò rí i pé iṣẹ́ nìkan kọ́ ni a ń kọ? A ń kọ ipa tí iṣẹ́ náà fi sílẹ̀ pẹ̀lú.

Òkun wà ní Ewékorò

Bóyá ẹnì kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí. Rárá o. Òótọ́ ni pé bí a bá wá gbogbo ilẹ̀ Òṣogbo àti Iléṣà kiri, a kò ní rí ìkarahun òkun kan nínú àpáta wa. Àpáta tiwa ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, nínú ooru ńlá, ni wọ́n ti jinná, wọ́n sì ti ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ. Belemnite kankan kò tíì sí nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ wọ mọ́tò lọ sí Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti 1960 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti ń gbẹ́ òkúta níbẹ̀. Ìkarahun, ìṣawùrú òkun àti àwọn ẹran omi mìíràn tí ó ti di òkúta ni ó kún inú rẹ̀, nítorí pé òkun bo ibẹ̀ ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Belemnite kò sí lára wọn, nítorí wọ́n ti lọ kí òkúta Ewékorò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adegoke ti Yunifásítì Ifẹ̀, ìyẹn ni pé ní àdúgbò wa níhìn-ín, kọ ìwé ńlá jáde lórí wọn ní 1977.

Nítorí náà, bí sìmẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ògiri mọ́sálásí àdúgbò rẹ bá jẹ́ ti Ewékorò, ara ìṣawùrú òkun àtijọ́ ni ó wà nínú ògiri tí o dojú kọ nígbà tí o bá ń kírun.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa máa ń bẹ̀rù irú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ti ń ka mílíọ̀nù ọdún ti ń lọ sí ọ̀nà kèfèrí. A ti rí ọ̀dọ́ tí wọ́n torí èyí kọ̀ fún láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkúta ní yunifásítì. Ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn aṣíwájú wa. Al-Biruni parí ìwé rẹ̀ kan lórí ìwọ̀n ilẹ̀ ayé ní 1025. Nínú rẹ̀ ni ó ti ṣàlàyé pé òkun ti fìgbà kan bo aṣálẹ̀ ilẹ̀ Lárúbáwá, nítorí pé àwọn tí ó ń gbẹ́ kànga níbẹ̀ ń bá ìkarahun pàdé. Ibn Sina, tí ó kú ní 1037, kọ̀wé nípa bí ẹrẹ̀ ti ń di òkúta àti bí a ti ń rí ara ẹran omi nínú òkè. Ohun tí ó ju 900 ọdún lọ sẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí kọ, tí ìmáànì wọn kò sì fọ́, kí ló dé tí yóò fi fọ́ tiwa? Ọlọ́hun kò sọ iye ọdún tí ilẹ̀ ti wà fún wa nínú Al-Kùránì. Ohun tí ó sọ fún wa nínú Sùúrátù Hajj, áyà 47, ni pé ọjọ́ lọ́dọ̀ Rẹ̀ kò rí bí ọjọ́ tí àwa ń kà. Ìṣirò wa kéré, ọba tí ó ni àkókò kọ́ ni àwa.

Ẹ má bẹ̀rù òkúta, ẹ má sì sìn ín

Láyé àtijọ́, nígbà tí àwọn ará Yúróòpù bá rí belemnite lóko lẹ́yìn òjò, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àrá ni ó jù ú láti òkè. Wọ́n ń fi í pamọ́ sílé kí àrá má bàa sán pa wọ́n. Ẹ má rẹ́rìn-ín, nítorí àwa náà ní ẹdùn àrá. Bí àgbẹ̀ bá fi ọkọ́ kan òkúta dídán kan tí ẹnu rẹ̀ mú, yóò ní Ṣàngó ni ó sọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ìwádìí fi hàn ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àáké tí àwọn ará ìgbàanì fi ọwọ́ ara wọn lọ̀ kí irin tó dé. Athar àwọn baba ńlá wa ni: wọ́n fi gé igi, wọ́n fi ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Ẹ ò rí nǹkan! Ilẹ̀ ń jẹ́rìí pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n, àwa ń sọ fún un pé irọ́ ni, àrá ni.

Umar ibn Khattab (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) dúró níwájú Òkúta Dúdú ní Kaaba, ó sì kéde létí gbogbo ènìyàn pé òkúta lásán ni, kò lè ṣeni lóore, kò lè ṣeni níbi, pé nítorí pé òun rí Ànábì tí ó fi ẹnu kàn án ni òun ṣe ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí lórí òkúta ilé Ọlọ́hun, èwo wá ni ti òkúta inú oko? A kì í bú ẹni tí ó ń sìn ín, nítorí Al-Kùránì kọ̀ ọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, kò gbọdọ̀ rà á, kò gbọdọ̀ tà á fún ààbò. Ẹlẹ́rìí ni òkúta. A kì í sin ẹlẹ́rìí, ẹ̀rí rẹ̀ ni a ń gbọ́.

Kí ni ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yóò sọ nípa wa?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ gan-an nìyí. Ilẹ̀ kò dáwọ́ àkọsílẹ̀ dúró nígbà tí belemnite kú. Ó ń kọ lọ́wọ́, ẹrẹ̀ tí ó ń balẹ̀ lónìí sì ni ojú ìwé tuntun.

Ọlọ́hun fi góòlù sínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní Ìpẹ́ríndó, Ìtagunmodi, Ìgún àti àgbègbè wọn. Wíwa góòlù fúnra rẹ̀ kì í ṣe harámù. Ṣùgbọ́n a mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan a wọ oko olóko lóru. Wọ́n gbẹ́ kòtò tí ó gbé ènìyàn mì, wọ́n kúrò níbẹ̀ láì dí i, òjò rọ̀ sínú rẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ já sí i. Wọ́n fọ iyẹ̀pẹ̀ sínú odò, wọ́n sì ń lo mákúrì láti fi kó góòlù jọ. Àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí wà nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí a má purọ́ fún ara wa. Àwọn kan ń fọ iyẹ̀pẹ̀ náà, wọ́n ń dìde kírun ọ̀sán létí odò tí wọ́n sọ di ẹrẹ̀.

Odò kì í dúró lójú kan. Odò Ọ̀ṣun gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kí ó tó dé Òṣogbo. Láti nǹkan bí 2018 ni àwọn ará Òṣogbo ti ń pariwo pé omi náà ti pọ́n, ó ti ki bí omi ẹrẹ̀. Nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ti 2022 dé, ìjọba ìpínlẹ̀ wa kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi odò náà. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹrẹ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹ sì rántí Zamfara ní 2010, níbi tí òjé inú òkúta góòlù tí àwọn òbí ń lọ̀ lágbàlá ilé pa ó kéré tán 400 ọmọdé. Òkúta tí wọ́n lọ̀ fún oúnjẹ ọmọ ni ó pa ọmọ.

Mákúrì àti òjé kì í jẹrà. Wọ́n máa ń rì sínú ẹrẹ̀ ni, bí belemnite ti rì. Bí ẹrẹ̀ náà bá di òkúta lọ́la, orúkọ iṣẹ́ wa yóò wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ mọ Òṣómàáló. Bàbá tí ó tà aṣọ láwìn kò ní ìwé, kò ní kálàmù, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kan kò sọnù lórí rẹ̀. Yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi gba owó rẹ̀. Òṣómàáló ni ilẹ̀. Ó ti lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà wa.

Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá fi àbòsí gba ilẹ̀ ìbú ọwọ́ kan, a óò fi ilẹ̀ méje kọ́ ọ lọ́rùn. Ó kọ̀ fún wa láti ṣe ìdọ̀tí sí orísun omi, sí ojú ọ̀nà àti sí abẹ́ ìbòòji tí àwọn ènìyàn ń sinmi sí. Bí ìdọ̀tí lásán bá le tó bẹ́ẹ̀, mélòó-mélòó ni májèlé?

Ohun tí a ó mú lọ sílé

Ìkínní: kí ẹni tí ó bá ń wa góòlù rí i pé ilẹ̀ náà tọ́ sí òun, kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ àti lọ́wọ́ ìjọba, kí ó sì dí kòtò rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀. Oúnjẹ tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ nínú ṣì wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Ìkejì: ẹ̀yin arábìnrin wa tí ẹ ń fọ iyẹ̀pẹ̀ tàbí tí ọkọ yín ń gbé òkúta góòlù wálé, ẹ má jẹ́ kí a lọ̀ ọ́ lágbàlá. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ kàn án, kí ó tún fi ọwọ́ náà jẹun.

Ìkẹta: kí àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ṣètò ìrìn-àjò ìmọ̀ lọ sí Ewékorò. Kí a kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ibẹ̀. Òkúta tí a kó láìgbàṣẹ, olè ni. Ohun tí ó ti bọ́ sílẹ̀ ni kí a ṣà, kí a má wó ògiri òkúta lu ara wa. Kí a kọ ibi tí a ti rí ìkọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí a rí i sára ìwé, nítorí òkúta tí a kò mọ ibi tí ó ti wá dà bí hádíìsì tí kò ní ìsìnáàdì.

Ìkẹrin: ẹ fi athar rere sílẹ̀. Nínú Sahih Bukhari, Abu Said al-Khudri gba ọkùnrin darandaran kan níyànjú pé kí ó gbé ohùn rẹ̀ sókè bí ó bá ń pe ìrun nínú aginjù, nítorí òun gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé kò sí ohun tí ó gbọ́ ohùn ládánì tí kò ní jẹ́rìí fún un lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Ilẹ̀ tí ó lè takò wá náà ni ó lè gbè wá. Igi tí o gbìn sí ẹ̀bá kòtò, kànga tí o gbẹ́, iwájú orí tí o fi kan ilẹ̀ lóru nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rí ọ, gbogbo rẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ilẹ̀ rojọ́ wa ní búburú. Kí ó tún omi wa ṣe, kí ó dáàbò bo àwọn ọmọ wa, kí ó sì fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní haláàlì tí yóò tó wọn jẹ. Aamiin.